Bí a ṣe ń fi agbára ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá wé ti àwọn tó tẹ̀lé e

Ẹ jẹ́ ká fi ti Nepal ṣe é. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2015, ìmìtìtì tí ìwọ̀n títóbi rẹ̀ jẹ́ 7.8 wáyé níbẹ̀. Lọ́jọ́ 12 oṣù Karùn-ún, 7.3 tẹ̀lé e. Ẹ yọ 7.3 kúrò nínú 7.8, ó ku 0.5. Ẹ fi 1.5 sọ ọ́ di púpọ̀: 0.75. Lórí ẹ̀rọ ìṣirò, ẹ tẹ 10, ẹ tẹ xʸ, kí ẹ tẹ 0.75. Ìdáhùn jẹ́ 5.6: ìlọ́po agbára àkọ́kọ́ lórí èkejì nìyẹn. Síbẹ̀, èyí tó kéré yẹn pa ju igba èèyàn lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ti sán tẹ́lẹ̀. Ti 6.7 ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ńkọ́? Ìyàtọ̀ 1.1, ìlọ́po bíi 45.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á ka ìyàtọ̀ oókan nínú ìwọ̀n sí ìlọ́po mẹ́wàá agbára. Bí ìlà ṣe ga tó lórí ẹ̀rọ tó ń wọn ìmìtìtì ni mẹ́wàá yẹn. Ti agbára tó ìlọ́po 32. Òṣùwọ̀n kan náà, Mw (moment magnitude, òṣùwọ̀n bí ìmìtìtì ṣe tóbi tó), ni kí ẹ lò fún gbogbo wọn.

Ẹ má ro 7.8 mọ́ 7.3 láé! Agbára là ń rò pọ̀: 1 + 1/5.6 + 1/45, ó jẹ́ 1.2. Ẹ wá log 1.2, ẹ fi 1.5 pín in: 0.05. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀ kò ju 7.85 lọ.