Bí a ṣe ń fi iná yẹ benitoite wò

Sáfírè, òkúta iyebíye aláwọ̀ búlúù, ni wọ́n kọ́kọ́ pe benitoite. Ní 1907, wọ́n rí òkúta búlúù kan nítòsí orísun odò San Benito ní California. George Louderback, onímọ̀ ilẹ̀ ní Yunifásítì California, yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí i pé àlùmọ́ọ́nì tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ ni: sílíkéètì (àlùmọ́ọ́nì oní-silicon àti oxygen) tó ní barium àti titanium nínú. Ó sọ ọ́ ní benitoite. Agbègbè yẹn náà ni ojúlówó rẹ̀ tó ṣeé gé fi ṣe ọ̀ṣọ́ ti wá.

Bí ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀, iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó wò kò ní ṣiṣẹ́, nítorí ìgbì rẹ̀ gùn jù: bíi 365 sí 395 nanomítà. Ultraviolet (ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò rí) onígbì kúkúrú, nanomítà 254, lẹ nílò. Ó ń dùn mí tí wọ́n bá pa òkúta gidi tì nítorí iná tí kò bá a mu.

Ẹ kọ́kọ́ dáàbò bo ara yín. Iná yìí ń jó ojú àti awọ ara, ìrora rẹ̀ sì lè má dé títí di wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà. Ẹ wọ awò tí wọ́n ṣe fún ultraviolet, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ alápá gígùn. Ẹ má wo ojú iná náà láéláé.

Ẹ yọ òkúta náà kúrò nínú àpótí onígíláàsì; gíláàsì lásán kì í jẹ́ kí ìgbì kúkúrú kọjá. Ẹ nù ún dáadáa, kẹ́ ẹ gbé e lé nǹkan dúdú. Fọ́nrán òwú tí ọṣẹ ìfọṣọ wà lára rẹ̀ máa ń tàn búlúù, ó sì lè tàn yín jẹ. Ẹ pa gbogbo iná yàrá, kẹ́ ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 5 kí òkùnkùn mọ́ ojú yín lára.

Ẹ wá tan iná náà sí i láti ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Benitoite yóò tàn búlúù gbòò, bí ẹni pé fìtílà wà nínú rẹ̀. Titanium inú rẹ̀ ló ń gba agbára tí ojú wa kò rí, tó ń dá a padà ní ìmọ́lẹ̀ tí a rí. Bó bá ṣì wà lára àpáta, neptunite, àlùmọ́ọ́nì dúdú tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, kò ní tàn rárá.

Scheelite, àlùmọ́ọ́nì mìíràn, náà ń tàn búlúù lábẹ́ iná yìí, nítorí náà ẹ wo ìrísí rẹ̀ pẹ̀lú: benitoite sábà máa ń ní ojú onígun mẹ́ta. Ẹ má sì fi ohunkóhun ha á láti dán an wò. Lórí òṣùwọ̀n Mohs, tí wọ́n fi ń wọn líle òkúta láti 1 dé 10, 6 sí 6.5 ni líle rẹ̀. Ti sáfírè jẹ́ 9.