Bí a ṣe ń ya "borrow" kúrò lára "lend", àti àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì míì tó ń dàrú mọ́ wa lẹ́nu

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: ìwé eléwé ogójì kan, pẹ́ńsùlù, kílínà, jígí àti fóònù, ó tán. Ẹ má lo bíró, torí pípa rẹ́ pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ ìwé atúmọ̀-èdè, ẹ má náwó sí tuntun. Àlòkù tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ti tó, kó ṣáà jẹ́ irú èyí tó ń fi odindi gbólóhùn ṣe àpẹẹrẹ. Èyí tó kéré tó wọ àpò, tó kàn ń fi ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ òmíràn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ máa kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ṣì sọ sílẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n fi rín yín. Ẹ má lọ da ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń yọ ará Ṣáínà lẹ́nu kọ́ ló ń yọ ọmọ Yorùbá lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín ìwé yẹn sí méjì. Apá òsì ni ti etí: ọ̀rọ̀ tó dún jọra, bí "live" àti "leave". Apá ọ̀tún ni ti ìtumọ̀: ọ̀rọ̀ tí kò dún jọra rárá, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni Yorùbá fi ń pe méjèèjì.

Ẹ fara balẹ̀ sí apá ọ̀tún, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. "Yá" la fi ń gbà, "yá" náà la fi ń fúnni. "Mo yá Bọ́lá ní ìwé." "Mo yá ìwé lọ́wọ́ Bọ́lá." "Yá" kò yí padà, "lọ́wọ́" ló sọ ibi tí ìwé ti wá. Gẹ̀ẹ́sì kì í dúró de "lọ́wọ́" kankan, ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ tán. Nítorí náà, kí ẹ tó la ẹnu, ẹ kọ́kọ́ sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá nínú ọkàn yín. Bí "lọ́wọ́" bá wà níbẹ̀, "borrow" ni. Bí kò bá sí, tó jẹ́ pé ẹni tí ẹ fún ní nǹkan náà ló tẹ̀lé "yá", "lend" ni. Ìwé ni kí ẹ fi dánra wò, ẹ má fi owó ṣe é, torí "lówó" àti "lọ́wọ́" yóò tún kó ìdàrúdàpọ̀ míì bá yín.

"Lọ́wọ́" yìí kan náà ló ń yanjú "kọ́". "Mo kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi": "learn". "Mo kọ́ àbúrò mi níṣẹ́": "teach".

Ohun tí mo fi ń bá akẹ́kọ̀ọ́ jà jù nìyí: ẹ má kọ́ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ẹ gbé "borrow" nìkan fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa lò ó níbi gbogbo, kó tó kan "lend". Aránṣọ kan tí mo kọ́ rí i pé ọ̀sẹ̀ kan ti pọ̀ jù. Ó kọ́ méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ń kà á lórí bí ẹni ń ki oríkì. Ó wá fẹ́ sọ fún oníbàárà rẹ̀ kan ní London pé òun máa yá owó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun láti fi kún àsansílẹ̀ tí òun ń retí. Ohun tó tẹ̀ ránṣẹ́ ni "I will lend my brother money tomorrow." Oníbàárà fèsì pé ẹni tó lówó tó ń yá ènìyàn, kí ló ń fi àsansílẹ̀ ṣe? Ó tó ọjọ́ mẹ́rin kí ọ̀rọ̀ yẹn tó yanjú.

"Gbọ́" kò sí nínú ọ̀ràn "lọ́wọ́". Ẹ wo ẹ̀yà ara tó ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ etí, "hear". Bó bá jẹ́ imú, "smell". Ọbẹ̀ tó ń ta sánsán kò bá etí sọ nǹkan kan. Bó bá jẹ́ ọpọlọ, bí ìgbà tí a ní ẹnìkan ò gbọ́ Faransé, "understand". Ẹ sọ pé "I don't hear French" fún òyìnbó, yóò gbé ohùn rẹ̀ sókè fún yín.

Ti etí kò le tó bẹ́ẹ̀, bí jígí bá ti wà. "I" inú "igi" ti sún mọ́ "leave" dáadáa. "Live" ni a kò ní. Ẹ pe "i", ẹ pe "e" bíi ti "ewé", kí ẹ wá dúró sáàárín àwọn méjèèjì, kó sì kúrú. Nínú jígí, ètè á fẹ̀ fún "leave" bí ẹni ń rẹ́rìn-ín. Fún "live", ètè á kàn dẹ̀. Fún "fan" àti "van", "price" àti "prize", ẹ gbé ọwọ́ lé ọ̀fun: èkejì nínú wọn ló máa ń gbọ̀n. Kí "chip" má bàa di "ship", ẹ fi ahọ́n kan ibi tí "t" ti ń jáde kí ẹ tó pe "ṣ". Ẹ̀yin tí ẹ bá jẹ́ ọmọ Ìbàdàn bíi tèmi, ẹ kọ́kọ́ wá "ṣ" náà rí ná, kí "ship" má lọ di "sip".

Bí kò bá sí olùkọ́ nítòsí, ẹ tẹ àwòrán gbohùngbohùn lórí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé fóònù yín, kí ẹ pe ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ wo ohun tó kọ. Ẹyọ ọ̀rọ̀ nìkan ni kí ẹ pè o. Bí ẹ bá fi í sínú gbólóhùn, fóònù á fi ọgbọ́n orí tún àṣìṣe yín ṣe, ẹ ó sì rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n.

"There" àti "their" kò tó nǹkan: "here" wà nínú "there", torí náà "ibẹ̀" ni "there", "tiwọn" ni "their".

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ ṣí ìwé yín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ti lò nígbà mẹ́ta láìṣì, ẹ fi kílínà pa á rẹ́. Èyí tó bá kù, ẹ tún un kọ sí ewé tuntun fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.