Bí tọkọtaya ṣe lè lọ sinmi ní Jàmáíkà láì sanwó lẹ́ẹ̀mejì

Àtìgbà témi àti ọkọ mi ti dé láti Jàmáíkà làwọn èèyàn ti ń bi mí pé báwo la ṣe ṣe é, ṣé òótọ́ ni pé téèyàn bá ti sanwó tán látilé kò tún ní mówó síta mọ́. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. All-inclusive tí wọ́n ń pè é yìí, owó kan ṣoṣo lẹ máa san, yàrá, oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, ohun mímu, àtàwọn eré orí omi tí ò lo ẹ́ńjìnnì, ó ti wà nínú ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é fún tọkọtaya ní Jàmáíkà, àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ Couples bẹ̀rẹ̀ nílùú Ocho Rios ní 1978, àwọn tó ń jẹ́ Sandals bẹ̀rẹ̀ nílùú Montego Bay ní 1981.

Kẹ́ ẹ tó wá òtẹ́ẹ̀lì rárá, ẹ jókòó kẹ́ ẹ bi ara yín pé kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Àwa ò ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní. Ibi tówó ẹ̀ kéré jù la wá, a sanwó ọjọ́ méje, àfìgbà tá a débẹ̀ tá a rí i pé òtẹ́ẹ̀lì ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ni, láti aago méje àárọ̀ làwọn ọmọ ti ń pariwo nínú omi, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ ìyá mi la kó tiwa sí ká lè ráyè gbọ́hùn ara wa. Àwa méjèèjì ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀sẹ̀ míì wà tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà nìkan la ti ń ríra, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí gan-an. Torí náà, ibi tí wọ́n bá kọ "couples only" sí ni kẹ́ ẹ wá. "Adults only" ò burú o, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́wàá tó wá mutí náà lè wà níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ jókòó pẹ́ nínú bọ́ọ̀sì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá bọ́ọ́lẹ̀ nínú bàálù, Montego Bay ni kẹ́ ẹ dé sí, ibẹ̀ ni pápákọ̀ wà. Negril tó wákàtí kan ààbọ̀ sí i, ọ̀hún lèmi fẹ́ràn jù, iyanrìn ẹ̀ gùn lọ rẹrẹ, ìwọ̀ oòrùn ló kọjú sí, ojú yín lòòrùn á ṣe wọ̀ sínú òkun. Àwọn tó bá fẹ́ òkè àti omi tó ń já látorí òkúta, Ocho Rios ni tiyín, Dunn's River Falls wà níbẹ̀.

Láàárín Oṣù Kejìlá sí àárín Oṣù Kẹrin lowó máa ń wọ́n jù torí ojú ọjọ́ dáa. Ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹfà sí ìparí Oṣù Kọkànlá nìgbà ìjì líle, owó á wálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fojú kékeré wò ó, ìjì tí wọ́n ń pè ní Beryl ṣọṣẹ́ níbẹ̀ ní Oṣù Keje 2024, Melissa tún wá le jùyẹn lọ ní Oṣù Kẹwàá 2025. Ẹ ra ìnṣúráǹsì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sanwó gan-an, kẹ́ ẹ dẹ̀ bi òtẹ́ẹ̀lì pé ṣé gbogbo ibi tó wà nínú fọ́tò ló ti ṣí padà. Èmi á mú ìparí Oṣù Kẹrin. Páàsì Bìrìtìkó ò nílò físà, àwọn tó bá ń lo ti Nàìjíríà, ẹ bi ọ́fíìsì aṣojú Jàmáíkà kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Ìwọ́ra (massage), fọ́tò, oúnjẹ alẹ́ tí wọ́n ń tan àbẹ́là sí létí òkun, jet ski (alùpùpù orí omi), àti gbogbo ìrìn àjò síta, wọn ò sí nínú owó tẹ́ ẹ san. Ẹ bi wọ́n bóyá mọ́tò láti pápákọ̀ wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ bèèrè ti tíìpù náà, torí àwọn ibì kan wà tí wọn ò gbà á rárá, níbòmíì ẹ kó dọ́là Amẹ́ríkà kọ̀ọ̀kan dání. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé gan-an ni kẹ́ ẹ ti lọ gbàyè sílé oúnjẹ tẹ́ ẹ bá fẹ́, torí ó máa ń kún, ọkùnrin dẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ṣòkòtò gígùn fún alẹ́.

Oúnjẹ búfẹ́ ò láta tó fún wa. Ẹ sọ fún wọn pé scotch bonnet lẹ fẹ́, ata rodo yẹn náà ni! Láàárọ̀, ẹ bèèrè ackee àti ẹja oníyọ̀. Iṣin ni ackee yẹn o, iṣin tá a mọ̀ nílé, látọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ti débẹ̀, òun ni wọ́n wá fi ń se oúnjẹ orílẹ̀-èdè wọn. Bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń sọ náà làwọn náà ń sọ, pé tí kò bá tíì la ẹnu fúnra ẹ̀ lórí igi, ẹ má jẹ ẹ́, májèlé ni.

Ẹ má sì torí pé ẹ ti sanwó kẹ́ ẹ wá há ara yín mọ́nú ọgbà fún ọjọ́ méje. Abúlé kan wà ní Westmoreland, lápá ibi tí Negril wà, tó ń jẹ́ Abeokuta, àwọn ará wa tó dé gẹ́gẹ́ bí alágbàṣe lẹ́yìn tí wọ́n tú ẹrú sílẹ̀ ní 1838 ló fìdí kalẹ̀ lágbègbè yẹn, Nago ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ ní kí òtẹ́ẹ̀lì bá yín wá takisí tí nọ́ńbà ẹ̀ pupa, kẹ́ ẹ dúnàá dúrà kẹ́ ẹ tó wọlé. Ojú ọ̀nà yẹn ni ọkọ mi ti sọ ọ̀rọ̀ tó ti wà níkùn ẹ̀ láti bí ọdún méjì fún mi, a ò bá má gbọ́ ọ nílé.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń padà, wọ́n lè gba yàrá yín láàárọ̀ kó jẹ́ alẹ́ ni bàálù máa gbéra. Ẹ kó aṣọ ìwẹ̀ àti aṣọ ìpààrọ̀ sínú báàgì ọwọ́, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n bá yín tọ́jú àpótí, ẹ ṣì lè jẹun kẹ́ ẹ wọ omi títí mọ́tò á fi dé.