Èkúté wọlé wa: bí mo ṣe wá ihò tí wọ́n ń gbà kàn

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tó jí mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́tí sí ilé ìdáná." Mo tẹ́tí. Nǹkan kan ń ha páálí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á dúró díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe tan iná, ilé pa lọ́lọ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, mo tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀. Ìgbẹ́ wọn ló kún ibẹ̀: dúdú, tín-ín-rín, kò ju hóró ìrẹsì lọ, ó rí ṣóńṣó lẹ́nu méjèèjì. Òórùn ìtọ̀ wọn gba gbogbo igun náà. Mo fi igi tẹ ìgbẹ́ náà wò. Àwọn kan rọ̀, wọ́n ń dán. Àwọn kan ti gbẹ, wọ́n sì rún bí igi ṣe kàn wọ́n. Èyí tó ń dán kò tíì pẹ́, èyí tó gbẹ ti wà níbẹ̀ tipẹ́, nítorí náà mo mọ̀ pé kì í ṣe òru yẹn ni wọ́n dé. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí bó ṣe pọ̀ tó dẹ́rù bà mí jù, torí èkúté kan ṣoṣo lè su tó 50 sí 75 lójúmọ́.

Mo tún wọn gígùn rẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá èkúté kékeré ni tàbí eku ńlá. Ìgbẹ́ eku ńlá sábà máa ń tó mìlímítà 12 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí mo rí kò ju 5 lọ. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Eku ńlá máa ń sá fún ohun tuntun, ó lè yẹra fún tàkúté fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Èkúté kékeré kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tuntun gan-an ló máa ń fẹ́ lọ wò.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo dẹ tàkúté méjì sáàárín ilé ìdáná, mo sì fi ẹ̀pà lílọ̀ tó pọ̀ sí i. Nígbà tí mo máa jí, wọ́n ti lá gbogbo ẹ̀pà náà tán, tàkúté kò ré. Ìgbà náà ni mo ronú kan pọ́dà. Kí a tó sùn, mo bu pọ́dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀ níbi mẹ́rin. Ohun tí mo rí lówùúrọ̀ kọ́ mi ju gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ fún mi lọ: ipa ẹsẹ̀ kéékèèké, ilà ìrù láàárín wọn, gbogbo rẹ̀ ń tọ ara ògiri láti abẹ́ ibi ìfọwọ́ lọ sẹ́yìn fìríìjì. Kò sí ipa ẹsẹ̀ kan láàárín ilé. Níbi tí mo dẹ tàkúté sí gan-an, pọ́dà náà mọ́ nini.

Mo wá tún un ṣe. Tàkúté mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn lójú ọ̀nà tí pọ́dà fi hàn mí, tí mo kọ orí wọn, níbi tí oúnjẹ wà, sí ara ògiri. Ẹ̀pà lílọ̀ kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn dáadáa kó má ṣeé lá lọ. Méjì kú lóru àkọ́kọ́, ọ̀kan lóru kejì.

Màmá mi tó wà lọ́dọ̀ wa ní kí n ra májèlé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká fi í sílẹ̀: ọmọ wa ṣì ń rákò, èkúté tó bá sì jẹ májèlé lè lọ kú sínú ògiri, kó máa rùn níbi tí ọwọ́ kò lè tó. Wọ́n gbà. Àtè náà, mi ò fẹ́ ẹ. Kí ẹ̀dá kan máa jà nínú rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ó pọ̀ jù lójú mi.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá láìsí ariwo. Lọ́jọ́ karùn-ún, ìgbẹ́ tuntun. Ògiri ilé wa ló lanu, pípa kò sì lè tán wọn: oyún wọn kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, abo kan sì lè bí márùn-ún, mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Mo dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo ń fi pẹ́ńsù dán gbogbo àlàfo wò. Ibi tí pẹ́ńsù bá ti wọ̀, tó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 6, èkúté kékeré lè gbà á kọjá. Mo bá a níbi tí páìpù omi ti gba inú ògiri wọlé. Etí ihò náà dúdú, ó ń dán, torí òróró ara wọn ti ń ra á lójoojúmọ́. Mo ki kànrìnkàn onírin sínú rẹ̀ pinpin, mo sì fi sìmẹ́ńtì bò ó. Fóòmù nìkan kò tó, wọ́n á jẹ ẹ́ já. Mo kan irin pẹlẹbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ìgbẹ́ wọn ní gbígbẹ. Eruku rẹ̀ lè kó àìsàn wọ imú. Mo ṣí fèrèsé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo po blíìṣì ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án, mo dà á sórí rẹ̀, mo dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí n tó fi bébà nù ún sínú àpò ọ̀rá. Oúnjẹ gbogbo sì bọ́ sínú agolo onídèérí.

Mo tún bu pọ́dà sílẹ̀, ní alaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá, ó ṣì wà bí mo ṣe bù ú, mo sì nù ún kúrò. Tàkúté méjì ló kù lẹ́yìn fìríìjì, mo máa ń yẹ̀ wọ́n wò ní gbogbo Sátidé.