Bí a ṣe ń múra sílẹ̀ fún ìrìn ìdajì ọjọ́ nínú igbó Ẹ̀pẹ́

Ẹni tó bá jáde ní Ẹ̀pẹ́, tó dorí kọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, kò ní pẹ́ kan agbègbè Eredo, níbi tí yàrà àtijọ́ tí a ń pè ní Eredo Sungbo gbà kọjá. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n gbẹ́ ẹ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 160, ibòmíràn sì wà tí ògiri rẹ̀ ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà. Igbó ti bò ó. Òwúrọ̀ kan péré tó láti rìn níbẹ̀, bí a bá ti múra láti ọjọ́ tó ṣáájú.

Ẹ kọ́kọ́ yan àsìkò. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, òjò máa ń mú kí etí yàrà yọ̀ bí ilá, pàápàá ní oṣù kẹfà. Ẹ̀ẹ̀rùn rọrùn fún ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà náà ni èso wèrèpè gbẹ, tí atẹ́gùn sì ń gbé irun rẹ̀ kiri. Bí ó bá bà yín, ẹ má ṣe ha á. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ irun náà kúrò lára díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ọmọ abúlé tó mọ igbó náà láti mú yín wọlé, kí ẹ sì fẹnu kò lórí iye owó rẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Ẹ bi í léèrè ibi tí àlejò kì í dé. Bí ẹ bá rí màrìwò tí wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà kan, ẹ yà kúrò níbẹ̀ láìjiyàn.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ pẹ́ lé lórí, nítorí òun ló ń ba ìrìn jẹ́ jù. Bàtà òjò bíi tàwọn àgbẹ̀ dára nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, kánfáàsì tí ẹ ti ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ sì tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má dánwò pẹ̀lú bàtà tuntun. Èmi ra ọ̀kan lọ́jọ́ Ẹtì, mo wọ̀ ọ́ lọ sí igbó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wákàtí kan kò tíì pé tí gìgísẹ̀ mi fi bó, mo bọ́ bàtà sọ́wọ́, mo sì tẹ ìjàlọ láìrí wọn. Àwọn kòkòrò yìí máa ń gun ẹsẹ̀ dé itan láìjẹ́ kí èèyàn fura, kí ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í bunijẹ, kí gbogbo wọn sì dara pọ̀. Nítorí náà, ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kí ẹ sì ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀ gígùn. Bí ẹ bá rí wọn tí wọ́n tò bí okùn dúdú gba ojú ọ̀nà kọjá, ẹ fi ìgbésẹ̀ gbígbòòrò kan ré wọn kọjá. Ẹ má dúró ya fọ́tò níbẹ̀.

Ẹ̀wù òwú fẹ́lẹ́ tó lápá gígùn ló yẹ, kì í ṣe jíńsì, nítorí tí òjò bá pa jíńsì, ó di ẹrù. Ẹ fi ìpara tó ń lé ẹ̀fọn pa ọrùn, etí àti ọrùn ọwọ́.

Lítà omi méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kò pọ̀ jù. Ẹ rọ ọ́ sínú ike, nítorí píọ̀ wọ́tà máa ń bẹ́ nínú àpò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà tó fún jíjẹ. Ẹja yíyan ọjà Ẹ̀pẹ́ wù mí, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bá ń padà bọ̀ ni mo ń rà á, nítorí òórùn rẹ̀ ń pe èèrà.

Ẹ gba iná sí fóònù kí ó kún, ẹ fi láílọ́ọ̀nù méjì wé e, kí ẹ sì sọ fún ará ilé kan àkókò tí ẹ óò padà, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí nísàlẹ̀ yàrà. Ẹ mú fèrè kan dání, báńdéèjì, àti oògùn tí ẹ ń lò déédéé.

Ní ti ejò, àwọ̀ ọká jọ ewé gbígbẹ, kì í sì í tètè sá fúnni. Ẹ wo ẹ̀yìn ìtì igi kí ẹ tó ré e kọjá, kí ẹ má sì ki ọwọ́ bọ ihò ògiri. Bí ó bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má ṣe sín ojú ibi tó bù jẹ ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi ẹnu fa á, ẹ má fi okùn dì í pa; ẹ bọ́ òrùka tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tó wà níbẹ̀, kí ẹni náà má mi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá.

Ẹ kúrò nílé ní agogo mẹ́fà ààbọ̀, kí ẹ lè jáde kí oòrùn ọ̀sán tó mú. Bí ẹ bá dé ilé, ẹ bọ́ aṣọ síta, kí ẹ wo abíyá, ẹ̀yìn orúnkún àti ìdí etí bóyá eégbọn wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ bá rí, ẹ fi ẹmú kékeré dì í mú lẹ́bàá awọ ara gan-an, kí ẹ fà á jáde tààrà. Ẹ má ṣe fi iná jó o.