Whey Kì í Ṣe Fúláwà: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ba Ìpanu Ṣokoléètì Jẹ́

Kì í pé ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnìkan tó fi àwòrán kéèkì ṣokoléètì tó gan paali ránṣẹ́ sí mi, táá wá béèrè ohun tí òun ṣe. Mi ò tíì ka ọ̀rọ̀ tó kọ sábẹ́ rẹ̀ tí mo ti mọ̀. Ìdajì agolo whey, ìyẹ̀fun purotéènì tí wọ́n ń rí láti inú wàrà, ti bá a lọ. Whey kì í ṣe ohun olówó pọ́ọ́kú, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí. Mo gbà pé ẹ ti mọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ kí purotéènì pọ̀, kí ṣúgà àti sítáàṣì sì kéré, mi ò ní dúró lórí ìyẹn. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni mo fẹ́ sọ.

Àkọ́kọ́ ni fífi whey rọ́pò fúláwà, èyí sì ni baba gbogbo wọn. Torí pé ìyẹ̀fun lẹ̀ ń rí nínú agolo, ẹ rò pé ibi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ bu ife fúláwà kan, ẹ lè bu ife whey kan. Rárá o. Omi tó ń ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n bá fi wàrà ṣe wàràkàṣì ni wọ́n ń gbẹ di whey. Tí iná bá kàn án, ìwà ẹyin ló ń hù. Tí ìgbóná bá ti tó nǹkan bíi 70°C, á bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ra, á máa fún omi ara rẹ̀ dànù, á sì le. Fúláwà ní sítáàṣì tó ń fa omi mọ́ra, whey kò ní. Ẹ rántí ẹyin díndín tí ẹ bá gbàgbé sórí iná, bó ṣe ń rí lẹ́nu. Ohun tí ẹ ń fi whey yín ṣe nínú ófùnù nìyẹn.

Èmi náà ṣe é rí. Ọjọ́ ìbí àbúrò mi ni. Mo da ife whey méjì àti funfun ẹyin mẹ́fà pọ̀ mọ́ kòkó, mo sì gbé e sínú ófùnù ní 180°C fún ìṣẹ́jú 40. Nígbà tí mo gbé e jáde, ó wú, ó ń dán, inú mi dùn. Kí n tó rí ọ̀bẹ mú, àárín rẹ̀ ti rì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sún kúrò lára páànù. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ta ìka mi padà. Ọ̀bẹ ò wọlé, ṣe ló ń yọ̀. Àbúrò mi jẹ ègé kan, ó fi ife omi méjì lé e, ó sì ní ó dára. Mo mọ̀ pé kò dára, ojú rẹ̀ ni mò ń wò.

Báyìí, tí mo bá fẹ́ yan kéèkì, whey kì í ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ohun gbígbẹ lọ. Ìyẹ̀fun álímọ́ńdì ló ń gba àyè tó kù. Odindi ẹyin ni mò ń lò, torí ọ̀rá inú pupa rẹ̀ ń jẹ́ kó rọ̀, mo sì ń fi yọ́gọ́ọ̀tì tó ki kún un. Mo ń dín iná kù sí 160°C, mo sì ń gbé e jáde nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì ń mì díẹ̀, nítorí ìgbóná ara rẹ̀ yóò parí iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n kí lẹ ń wá lọ sídìí iná gan-an? Ẹ bu gíráàmù 10 kòkó tí kò ní ṣúgà sínú abọ́, ẹ ta omi gbígbóná díẹ̀ sí i, ẹ rò ó títí yóò fi dán. Òórùn ṣokoléètì á jáde lójú ẹsẹ̀. Omi tútù kò lè fa òórùn yẹn jáde láéláé. Ẹ jẹ́ kó tutù títí ẹ fi lè ki ìka bọ̀ ọ́ kí ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá láìjanpata. Ìgbà náà lẹ tó da gíráàmù 150 yọ́gọ́ọ̀tì tó ki, tí kò lọ́ràá, sí i. Whey gíráàmù 30 ló ń gbẹ̀yìn, ẹ jọ̀ ọ́ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá dà á sínú kòkó gbígbóná, kókó kéékèèké ni yóò di, kò sì sí bílẹ́ńdà tó lè tú u mọ́. Abọ́ kan yìí ní nǹkan bíi gíráàmù 40 purotéènì, ṣúgà àti sítáàṣì inú rẹ̀ kò sì ju bíi gíráàmù 10 lọ.

Èkejì, ṣokoléètì tí wọ́n kọ “kò ní ṣúgà” sí lára. Ẹ yí páálí náà padà. Tí ẹ bá rí maltitol níbẹ̀, ìyẹn ohun adùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà, ẹ rọra. Ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, bí kò tilẹ̀ gbé e tó ti ṣúgà gidi, gíráàmù rẹ̀ kan sì ní kálórì bíi 2, nígbà tí ti ṣúgà jẹ́ 4. Irú rẹ̀ ni mo fi ṣe ìpanu fún màmá mi, tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ̀rọ tó fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ló kọ́kọ́ sọ fún wa, inú rẹ̀ sì ń kùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ náà, lẹ́tà wíńníwínní ẹ̀yìn páálí ni mò ń kà.

Erythritol, ohun adùn mìíràn tó ń rọ́pò ṣúgà, sàn fún èyí, torí kì í gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Àmọ́ tó bá ti wọ fíríìjì, á padà di horo, á sì máa dún wàrà-wàrà láàárín eyín. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná kí ẹ tó lò ó, kí ẹ má sì pọ̀ ọ́ jù. Xylitol, tí òun náà ń rọ́pò ṣúgà, ńkọ́? Tí ajá bá wà nílé yín, ẹ má gbé e wọlé rárá, ìwọ̀n kékeré rẹ̀ lè pa ajá.

Kòkó mímu tó ti ní ṣúgà kì í ṣe kòkó tí mò ń sọ.

Ṣíbí inú agolo kì í ṣe òṣùwọ̀n, ẹ ra òṣùwọ̀n.

Ìyẹ̀fun àgbọn kò lè rọ́pò ti álímọ́ńdì ní ife fún ife, ó ń mu omi jù ú lọ fíìfíì. Collagen, ìyẹ̀fun purotéènì tí wọ́n ń yọ lára awọ àti egungun ẹran, kì í dì bíi jẹ́látììnì, ẹ má wulẹ̀ dúró tì í ní fíríìjì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Jẹ́látììnì ńkọ́? Ó ń dì, ṣùgbọ́n purotéènì rẹ̀ kò pé, torí kò ní tryptophan, ọ̀kan lára àwọn èròjà purotéènì tí ara gbọ́dọ̀ rí nínú oúnjẹ, nítorí náà ẹ má kà á mọ́ àpapọ̀ purotéènì yín bí ẹni ka ẹyin.

Tí ẹ bá ń yọ́ ṣokoléètì, ẹ nu abọ́ gbẹ. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo ti tó láti sọ ọ́ di ìṣù tó ń ya. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má dà á nù. Ẹ fi omi gbígbóná kún un ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rò ó, á padà dán, ẹ sì lè fi ṣe ọbẹ̀ ṣokoléètì tí ẹ máa dà lé nǹkan lórí.

Kéèkì tó ti gan náà kò yẹ kó lọ sínú àpótí ìdọ̀tí. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ bíi dáìsì, ẹ tò ó sínú ife, ẹ da yọ́gọ́ọ̀tì oníkòkó yẹn lé e lórí kó bò ó mọ́lẹ̀, ẹ fi iyọ̀ tín-ń-tín sí i, kí ẹ gbé e sí fíríìjì di ọjọ́ kejì. Á ti fa omi náà mu, á sì rọ̀.