Bí mo ṣe tọ́jú aláìsàn ní yàrá ìyàsọ́tọ̀ tí n kò fi gbé kòkòrò jáde

Olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni mí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní kí n lọ wẹ ìdí ìyá àgbàlagbà kan, kí n pààrọ̀ aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì wọn, kí n sì nu gbogbo ibi tí ọwọ́ máa ń kàn nínú yàrá wọn. Ìgbẹ́ gbuuru ló ń ṣe ìyá. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé kòkòrò bakitéríà kan, Clostridioides difficile, ló fà á, èyí tí àwa òṣìṣẹ́ ń pè ní C. diff. Ẹ̀yìn tí èèyàn bá lo oògùn agbógunti bakitéríà ló sábà máa ń yọjú: oògùn náà á pa àwọn kòkòrò tó ń ṣe ìfun láǹfààní mọ́ èyí tó ń wá, C. diff á wá ráyè gbilẹ̀.

Kí n tó wọlé, mo ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, mo sì kó gbogbo ohun tí mo máa lò jọ, títí kan ìbọ̀wọ́ tó lé ní ẹyọ kan àti àpò aṣọ ẹlẹ́gbin. Ẹni tó bá gbàgbé nǹkan á fẹ́ sáré jáde lọ mú un, kòkòrò á sì bá a jáde. Mo fọ ọwọ́, mo wọ gáùn, mo so ó lọ́rùn àti nídìí, mo wá wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹnu rẹ̀ bo etí apá gáùn.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ẹ kú ìrọ́jú."

Wọ́n wo gáùn mi. "Ọmọ mi, ṣé àìsàn mi ti burú tó báyìí ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú mi lè ṣe déédéé tiwọn, mo ní a ò sá fún wọn rárá, pé aṣọ yìí ni kò ní jẹ́ kí n gbé kòkòrò lọ sára aláìsàn mìíràn. Mo tún ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ojú tì wọ́n, kí wọ́n tẹ agogo gbàrà tí ìgbẹ́ bá ti ń gbọ̀n wọ́n. Èmi ò ka irú àlàyé yìí sí àfikún iṣẹ́. Aláìsàn tí ojú bá ń tì kì í pe ẹnikẹ́ni, inú ẹ̀gbin ló máa dákẹ́ sí títí awọ ìdí á fi bó.

Mo wẹ̀ wọ́n láti iwájú lọ sẹ́yìn, ojú aṣọ tó mọ́ ni mo ń lò fún ìnù kọ̀ọ̀kan. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tó dọ̀tí, mo ká a sínú ara rẹ̀, n kò gbọ̀n ọ́n, n kò gbé e mọ́ àyà, inú àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo kó o sí.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ ṣe àṣìṣe. Ọwọ́ mi ti nà sí aṣọ mímọ́ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tí mo fi nu ìgbẹ́. Mo dúró. Mo bọ́ ọ, mo fọ ọwọ́, mo wọ òmíràn. Nínú àkókò 5 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ká máa fọ ọwọ́, ẹ̀yìn ìgbà tí ọwọ́ bá kan ohun tó ti ara aláìsàn jáde wà lára wọn. Ìbọ̀wọ́ kò yọ wá kúrò nínú òfin yẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo fi bílíìṣì tí wọ́n ti pò mọ́ omi nu agogo, irin bẹ́ẹ̀dì, tábìlì àti ọwọ́ ilẹ̀kùn. Àga ìyàgbẹ́ ló kẹ́yìn. Mo jẹ́ kí ojú gbogbo wọn tutù títí àkókò tí wọ́n kọ sára ike fi pé.

Bíbọ́ aṣọ ló gba sùúrù jù, torí ó ti rẹ èèyàn nígbà yẹn, a sì máa ń kánjú. Mo di ìbọ̀wọ́ kan mú lóde nítòsí ọrùn ọwọ́, mo fà á bọ́ kí inú rẹ̀ di ìta, mo ká a sínú àtẹ́lẹwọ́ kejì. Mo wá ti ìka tó wà lásán bọ abẹ́ ìbọ̀wọ́ tó kù, mo fà á bo ti àkọ́kọ́. Mo tú okùn gáùn, mo fà á láti èjìká, inú rẹ̀ nìkan ni mo fọwọ́ kàn, mo ká a bí ẹní, ó di inú garawa ìdọ̀tí. Inú yàrá náà ni mo ti ṣe gbogbo èyí.

Sánítáísà wà lẹ́nu ọ̀nà, n kò lò ó. Nínú iṣẹ́ mìíràn, ó dára púpọ̀, ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 ti tó. Ṣùgbọ́n C. diff máa ń yí padà di ohun wẹ́wẹ́ tó ní èèpo líle bí ẹyin, ọtí inú sánítáísà kò sì lè pa á. Ọṣẹ náà kò pa á. Fífi ọwọ́ ra ọwọ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn ló ń ṣí i kúrò lára. Mo fọ ọwọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 60, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, àtàǹpàkò, abẹ́ èékánná, mo sì fi bébà tí mo fi nu ọwọ́ pa ẹ̀rọ omi.

Mo ń sọ fún ọ̀gá nọ́ọ̀sì bí ìgbẹ́ náà ṣe rí, àti pé awọ ìdí Màmá ti ń pọ́n, nígbà tí agogo yàrá wọn dún. Wọ́n ti pè kó tó bọ́ lára wọn. Mo mú gáùn tuntun.